Ọ̀bẹ tàbí wáyà: èwo ló yẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó já nínú jàǹbá?

Lóru ọjọ́ kan, bàbá kan dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn wa, fóònù wà létí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan àbúrò òun, pé wáyà ni wọ́n ń tì bọ inú iṣan níbi tí òun wà, pé ojú ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, pé kì í pẹ́ rárá kí aláìsàn tó dìde rìn. Bàbá gbé fóònù kúrò létí, ó wò mí lójú. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń ṣe ti wáyà yẹn? Kí a gbé e lọ báyìí."

Orí ọ̀kadà ni ọmọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ti ṣubú, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, iṣan tó gba ẹ̀yìn orúnkún náà kọjá sì ti dí. Ó ti tó wákàtí mẹ́rin. Mo ní kí bàbá súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èkejì tutù bí omi àmù. Bàbá fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Ìbéèrè tó bi mí yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí, nítorí ìbéèrè gidi ni, àwọn mìíràn sì ń bèèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ará ilé ló sábà máa ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, ará ilé ló sì ń pinnu bóyá kí wọ́n dúró ní Àkúrẹ́ tàbí kí wọ́n gbé aláìsàn kúrò. Ọdún kọkàndínlógún mi rèé nínú tíátà. Ohun tí mo rí ni pé ibi tí iṣan náà wà lára, àti iye wákàtí tó ti kọjá, ló ń yan ọ̀nà. Ẹni tó bá fi "tuntun" àti "àtijọ́" yàn án lè fi ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ san án.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Oríṣi iṣan méjì ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara: iṣan àlọ, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, àti iṣan àbọ̀, tó ń dá a padà. Iṣan àlọ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí ọkàn ló ń fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Bí ó bá já, ẹ̀jẹ̀ á máa tú jáde bí omi páìpù tó bẹ́. Bí ó bá dí, ẹran ara tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ní ọ̀nà ọ̀bẹ, dókítà á la awọ, á wá orí iṣan méjèèjì tó já, á fi ẹ̀mú kékeré dì wọ́n mú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì sínú iṣan, á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní bàlúùnù lórí wọlé, á fẹ́ bàlúùnù náà, á sì rọra fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Thomas Fogarty, ló gbé rọ́bà yẹn jáde ní 1963, òun náà la ṣì ń lò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rán iṣan pọ̀. Bí iṣan bá ti já kúrú jù láti pàdé, wọ́n á bu iṣan àbọ̀ kan láti ẹsẹ̀ kejì tí kò ṣe nǹkan kan, wọ́n á sì fi dí àlàfo náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu di òní: wọ́n máa ń yí iṣan náà po kí wọ́n tó rán an, kí orí rẹ̀ di ìdí. Ìdí ni pé àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú iṣan àbọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Bí wọn kò bá yí i, ilẹ̀kùn yẹn á tì mọ́ ẹ̀jẹ̀ lójú. Òwú tí wọ́n fi ń rán an fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí lójú lásán. Bí wọ́n bá tú ẹ̀mú sílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì wọ inú iṣan tí wọ́n rán, iṣan náà á gbèrú, á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ti funfun á sì máa padà sí àwọ̀ wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ yìí kéré nítorí pé ó ti pẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dídì ni wọ́n sábà máa ń di iṣan tó bá já lára ọmọ ogun, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n rán an. Ní 1946, Michael DeBakey àti Fiorindo Simeone ka 2,471 irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n di iṣan wọn ló pàdánù ẹsẹ̀ tàbí apá. Nígbà ogun Kòríà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán iṣan, iye àwọn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí apá wọn sì wálẹ̀ sí bíi 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀bẹ àti òwú ló ṣe é.

Ọ̀nà wáyà yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wọ iṣan níbi tí kò sí ọgbẹ́, ibi tí itan ti pàdé ikùn ló wọ́pọ̀ jù, tàbí ọrùn ọwọ́. Wọ́n á ti wáyà gba inú abẹ́rẹ́, wọ́n á yọ abẹ́rẹ́, wọ́n á sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gun orí wáyà wọlé. Sven-Ivar Seldinger ará Sweden ló kọ́ ayé ní ọgbọ́n yẹn ní 1953. Ẹ̀rọ ẹ́síréè á máa fi àwòrán hàn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á máa fún oògùn aláwọ̀ sínú iṣan kí wọ́n lè rí ibi tó ti ń jò. Bí wọ́n bá débẹ̀, ohun mẹ́ta ni wọ́n lè ṣe. Wọ́n lè ṣí stent, àwọ̀n irin kékeré tó rí bíi páìpù, tí wọ́n fi aṣọ bò sí ojú ihò náà, bí ìgbà tí a bá ki páìpù kékeré bọ inú páìpù ńlá tó ń jò. Wọ́n lè kó àwọn wáyà kéékèèké tó ká bíi sípíríǹgì síbẹ̀, tàbí ohun mìíràn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, kí iṣan náà dí pátápátá, bí ó bá jẹ́ iṣan tí ara lè yááfì. Wọ́n sì lè fẹ́ bàlúùnù sínú iṣan kí ẹ̀jẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ní 1987 ni Nikolai Volodos, ní ìlú Kharkiv, ti fi irú stent bẹ́ẹ̀ tún iṣan ńlá inú àyà ẹni tó ní jàǹbá ṣe. Ọ̀nà wáyà náà kì í ṣe ọmọ àná mọ́.

Ẹsẹ̀ àti apá: ọ̀bẹ, kíá

Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́ jù, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń gbé wọlé wà. Ọ̀kadà ń fọ́ orúnkún, àdá ń ta sí ni lẹ́sẹ̀ nínú oko kòkó, ìgò ń ya apá.

Fún iṣan itan, ẹ̀yìn orúnkún, apá òkè àti ìgúnpá, ọ̀bẹ ni mo máa yàn fún ọmọ tèmi. Àkọ́kọ́, iṣan wọ̀nyí kò jìnnà sí awọ, dókítà lè dé ibẹ̀ kíá. Èkejì, stent tó bá wà níbi tí ara ti ń ká, bí ẹ̀yìn orúnkún, lè kán tàbí kí ó dí nígbà tó bá yá. Ẹ̀kẹta ni ti ìdọ̀tí. Ọgbẹ́ àdá oko kì í mọ́, ohun àjèjì tí a bá fi sínú rẹ̀ lè kó kòkòrò. Iṣan tí a bù lára aláìsàn fúnra rẹ̀ lágbára láti bá kòkòrò jà ju aṣọ stent lọ.

Ìdí kẹrin ni aago. Ẹran ẹsẹ̀ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàrin nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, láti ìgbà jàǹbá ni a sì ti ń kà á. Láti Àkúrẹ́ dé Ìbàdàn, bí ọ̀nà bá dára, ó ju wákàtí mẹ́ta lọ. Èkó jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wákàtí tí ẹ fi wá ọkọ̀ kún un, àti èyí tí ẹ fi wá owó, àti èyí tí wọ́n máa fi gba yín wọlé lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí bàbá yẹn fọwọ́ kan ẹsẹ̀.

Mo ti rí ìdàkejì rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ń dùn mí di òní. Ọ̀dọ́ káfíńtà kan ni, orúnkún tòun náà ló yẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń to egungun. Ẹni náà fà á padà sípò, ó sì fi igi àti aṣọ dì í pinpin. N kò bú iṣẹ́ àwọn tó ń to egungun, àwọn ìyá wa mọ̀ wọ́n, a mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń pariwo ìrora, wọ́n ní egungun ló ń dùn ún. Nígbà tí ìrora dáwọ́ dúró lówùúrọ̀, wọ́n yọ̀, wọ́n rò pé ó ti ń sàn. Ẹsẹ̀ náà ti kú ni. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ tó kù fún wa kì í ṣe ti ọ̀bẹ tàbí wáyà mọ́.

Nítorí náà, bí orúnkún bá yẹ̀, ì báà ti padà sípò fúnra rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì kí ẹ fi wọ́n wéra. Ẹ wo àwọ̀ wọn. Ẹ bèèrè bóyá ó mọ ọwọ́ yín lára, bóyá ó lè mi ọmọ ìka. Ẹsẹ̀ tó tutù, tó funfun, tó kú tipiri, tí iṣan kò lù lókè rẹ̀, ilé ìwòsàn ló ń lọ kí ó tó lọ ibikíbi. Bí wọ́n bá sì ní àwọn máa la awọ ojúgun gbọọrọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti rán iṣan tán, ẹ má bẹ̀rù. Ẹran tó ti pẹ́ láìrí ẹ̀jẹ̀ máa ń wú bí ẹ̀jẹ̀ bá padà dé, tí kò bá sí àyè fún un, á fún ara rẹ̀ pa.

Abẹ́ èjìká àti inú àyà: wáyà borí, bí ó bá wà

Iṣan tó gba abẹ́ egungun tó so ọrùn mọ́ èjìká kọjá yàtọ̀ sí ti ẹsẹ̀. Kí ọ̀bẹ tó dé ibẹ̀, dókítà lè ní láti gé egungun yẹn tàbí kí ó ṣí àyà, ẹ̀jẹ̀ sì ti lè ṣòfò púpọ̀ kí ó tó rí orí iṣan. Wáyà lè gba apá tàbí itan débẹ̀ láìfọwọ́ kan egungun kankan. Bí aláìsàn bá ṣì ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó dúró, tí ilé ìwòsàn sì ní ohun èlò, wáyà ni kí ẹ bèèrè.

Ti iṣan ńlá inú àyà ni wáyà ti fi ara hàn jù lọ. Ọkọ̀ tó ń sáré gidigidi kọlu nǹkan, ara dúró lójijì, iṣan ńlá náà sì ya. Ọ̀pọ̀ kì í dé ilé ìwòsàn rárá. Fún àwọn tó bá dé ibẹ̀, ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2011 kó àbọ̀ ìwádìí jọ: nínú àwọn tí wọ́n fi wáyà tọ́jú, 9 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú, nínú àwọn tí wọ́n fi ọ̀bẹ tọ́jú, 19, nínú àwọn tí wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan fún, 46. Ọ̀bẹ níbẹ̀ túmọ̀ sí kí wọ́n ṣí àyà lápá òsì, kí wọ́n sì dí iṣan ńlá náà mú fún ìgbà kan, ẹsẹ̀ méjèèjì sì lè rọ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin tó wà ní Àkúrẹ́ mọ̀ nìyí: ọgbẹ́ tó dẹ́rù bani tó báyìí ló sábà máa ń fún ni láyè láti rìnrìn àjò, bí ara aláìsàn bá dúró. Dókítà lè fi oògùn mú ìfúnpá wálẹ̀ kí iṣan tó ya má bàa ya sí i, kí wọ́n sì fi áḿbúláǹsì tó ní nọ́ọ̀sì nínú gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ti wáyà. Ti ẹsẹ̀, tó dà bíi pé kò tó nǹkan, ni kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìbàdí àti ikùn

Egungun ìbàdí tó fọ́ lè da ẹ̀jẹ̀ sínú láìsí kíkán kan lóde. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ kò la ọ̀bẹ tàbí wáyà lọ, ìró ìyá yín tó fún un. Ẹ ká a fẹ̀, ẹ ti i gba abẹ́ aláìsàn, kí ẹ sì so ó pinpin ní ibi tí orí egungun itan ti yọ sí ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe ìdí tí a ń ró ìró sí: ẹni tó bá so ó sókè jù kò tíì so nǹkan kan. Ní ilé ìwòsàn, wáyà dára gan-an fún irú ẹ̀jẹ̀ yìí, nítorí àwọn iṣan kéékèèké tó ń jò wà ní ìkọ̀kọ̀, ọwọ́ dókítà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọn, ṣùgbọ́n sípíríǹgì kéékèèké lè dí wọn láti inú. Bí kò bá sí i, wọ́n á fi irin di egungun mú láti òde, wọ́n á sì kó aṣọ iṣẹ́ abẹ sínú ìbàdí láti fún ẹ̀jẹ̀ pa. Iṣẹ́ yẹn náà ń gba ẹ̀mí là, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré rẹ̀.

Ti ọlọ inú, tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, rọrùn láti pín. Bí ìfúnpá aláìsàn bá ń ṣubú tí ikùn sì ń wú, ọ̀bẹ ni, lójú ẹsẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá dúró, wáyà lè dí iṣan tó ń jò kí ọlọ inú má kúrò lára. Ìyẹn ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn wà bíi tiwa, nítorí ibà máa ń ṣe ẹni tí wọ́n ti yọ ọlọ inú rẹ̀ burúkú. Ẹni tí wọ́n bá yọ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí dókítà bá kọ fún un. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàlúùnù tó ń dí iṣan ńlá pa láti inú, kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tán lára rẹ̀ lè dé tíátà: ó tàn kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí iṣẹ́ ìyanu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dán an wò fún 90 aláìsàn, àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2023. Nínú àwọn tí wọ́n fi bàlúùnù kún ìtọ́jú wọn, 54 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàrin 90 ọjọ́. Nínú àwọn tí wọ́n fi ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ nìkan ṣe, 42 ni. Ẹ̀rọ tuntun tó ń jẹ àsìkò lè pa ju ẹ̀jẹ̀ lọ.

Bí a bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Ọ̀bẹ | Wáyà |
|---|---|---|
| Ohun tí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní | Dókítà tó mọ iṣan rán, tíátà, ẹ̀jẹ̀ nínú bánkì | Gbogbo ìyẹn, àti ẹ̀rọ àwòrán, stent oríṣiríṣi ìwọ̀n, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, iná tí kò ní já |
| Orun | Abẹ́rẹ́ tó ń múni sùn ló sábà máa ń jẹ́ | Ó lè jẹ́ ibi tí wáyà gbà wọlé nìkan ni wọ́n á mú kú |
| Ọgbẹ́ ìdọ̀tí | Ó gbà á | Ìfura wà níbẹ̀ |
| Kíndìnrín | Kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án | Oògùn aláwọ̀ lè dà á láàmú, pàápàá lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀ |
| Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ | Àpá, àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan | Àwòrán àti àyẹ̀wò léraléra, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì |

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe wáyà gbọ́dọ̀ lè ṣe ọ̀bẹ, nítorí wáyà lè kùnà, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dúró kí wọ́n lọ wá dókítà mìíràn.

Kókó tó ń lù

Ẹnì kan wà tó ní gbogbo àsìkò láti yan wáyà, òun gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í sì í rántí. Ọta ṣakabùlà tàbí ọ̀bẹ wọ ara rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ojú ọgbẹ́ jinná, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó yá, kókó kan yọ níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ lé e, á máa lù bí ọkàn ṣe ń lù, tàbí kí ó máa gbọ̀n rìrì lábẹ́ ìka bí ẹni pé oyin wà nínú rẹ̀. Iṣan ló ya tí kò jinná, tàbí iṣan àlọ àti àbọ̀ ló lu ara wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ tú u bí eéwo. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ̀jẹ̀ tó máa jáde níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí òwú àti ọwọ́ lásán lè dá dúró. Bí kókó náà kò bá tíì máa yára tóbi, tí awọ orí rẹ̀ kò sì tíì fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lè ṣe àwòrán síkáànù iṣan, kí ẹ fi ọkàn balẹ̀ wádìí ibi tí wọ́n ti ń ṣe wáyà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, kí ẹ kó owó jọ, kí ẹ sì lọ.

Owó, òfin, àti fóònù kan

Stent àti sípíríǹgì ti òkè òkun ni, dọ́là ló ń pinnu iye wọn. Òwú àti iṣan ara ẹni kò rí bẹ́ẹ̀. N kò lè sọ iye kan fún yín lónìí kí ó tún jẹ́ òtítọ́ ní oṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé aláìsàn fún wáyà, ẹ bèèrè owó stent lọ́tọ̀, nítorí ó lè má sí nínú iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá fún yín.

Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tó gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì. Òfin ti 2017 tó kan ẹni tí ìbọn bà fi kún un pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láìdúró de ìwé ọlọ́pàá, láìsì gba owó ìfisílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló máa sọ fún ọlọ́pàá láàrin wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ará ilé. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, tí wọ́n yìnbọn pa àwọn èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀, mọ̀ pé ìbọn kì í yan ẹni tó máa bà.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú pópó, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi, ẹ má máa ṣí i wò. Bí kò bá dúró, tó sì jẹ́ ẹsẹ̀ tàbí apá, ẹ fi aṣọ tó fẹ̀ so ó lókè ọgbẹ́, ẹ fi igi lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dúró, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ so ó. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti wáyà iná ń gé ẹran. Ẹ má tú u lọ́nà. Àgbẹ̀ kan tí wọ́n gbé wá láti ìhà Ìdànrè, tí àdá bà ní itan, gèlè ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi lọ́ ọ, ìyàwó náà sì fi èédú kọ aago sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni dókítà kọ́kọ́ kà.

Ní ìpínlẹ̀ wa, ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ kí ó tó di pé ẹ nílò rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ní Oǹdó yìí ni ibùdó ìtọ́jú jàǹbá àti iṣẹ́ abẹ tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ní àsìkò Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò wà. FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ pè wọ́n bí ọkọ̀ bá ti gbéra: "Ẹsẹ̀ ló tutù, jàǹbá ṣẹlẹ̀ ní aago báyìí, ṣé ẹni tó ń rán iṣan wà níbẹ̀ lónìí?" Ìpè yẹn lè dá wákàtí kan padà fún yín.

Bí dókítà tó wà níwájú yín bá ní òun kò lè rán iṣan náà, ìbéèrè kan wà tí n kì í gbọ́ lẹ́nu ará ilé, ó sì yẹ kí ẹ máa bi wọ́n: "Dókítà, ṣé ẹ lè fi rọ́bà so orí iṣan méjèèjì pọ̀ kí a tó gbé e?" Ó ṣeé ṣe. Wọ́n á ki rọ́bà kékeré bọ orí iṣan méjèèjì tó já, wọ́n á so ó, ẹ̀jẹ̀ á sì máa gba inú rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ títí aláìsàn fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n rán. Òun ni ọ̀nà kẹta láàrin ọ̀bẹ àti wáyà.

Fún ẹni tí wọ́n bá ti fi stent sí lára: ẹ gba ìwé tó sọ irú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù ẹni méjì. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ má dá a dúró láìbi dókítà, kódà bí ara bá le koko. Bí ẹsẹ̀ tàbí apá náà bá tutù tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro nígbà tí ẹ bá rìn, ẹ padà lọ́jọ́ yẹn. Fún ẹni tí wọ́n rán iṣan rẹ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi ibi tí iṣan ti ń lù lókè ẹsẹ̀ hàn yín kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí ó sì ṣàmì síbẹ̀. Láràárọ̀, kí aláìsàn tó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ìka méjì kàn án.